Ṣé ká ta ilẹ̀ nítorí ìbọ̀wọ́ rọ́bọ́ọ̀tì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaja. Télọ̀ ni bàbá wa, l'Ọ̀fà níbí. Rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún wọn. Wọ́n ti ń rìn, ìka sì ń mira díẹ̀, àmọ́ wọn ò lè di àlùmọ́gàjí mú. Ẹ̀gbọ́n mi rí ìbọ̀wọ́ rọ́bọ́ọ̀tì kan lórí fóònù, tó ń ká ìka tó sì ń nà án. Ó ní ká ta ilẹ̀ ká fi rà á. — Ọmọ Télọ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ má ta ilẹ̀ o!

Ọpọlọ ni rọpárọsẹ̀ bà jẹ́, kì í ṣe ọwọ́. Ibi tó ṣì yè nínú ọpọlọ lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ náà, àfi kí bàbá fúnra wọn máa gbìyànjú, léraléra. Ìbọ̀wọ́ tó ń ká ìka wọn bí wọ́n ṣe ń wo tẹlifíṣọ̀n, mọ́tò ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ojúlówó rọ́bọ́ọ̀tì máa ń jẹ́ kí aláìsàn kọ́kọ́ sapá. Síbẹ̀, aláìsàn rọpárọsẹ̀ 770 ni àwọn olùwádìí kó jọ n'Ílùú Ọba. Wọ́n fi MIT-Manus, rọ́bọ́ọ̀tì kan tó ń ran apá lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́, tọ́jú àwọn kan nínú wọn fún ìṣẹ́jú 45, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12. Èsì tó jáde ní 2019 ni pé apá wọn ò wúlò ju ti àwọn tó kàn gba ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn lọ.

Ẹ fi owó ọkọ̀ gbé bàbá lọ bá àwọn fisiọ, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú apá àti ẹsẹ̀, ní UITH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin. Nílé, ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì nà án bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ gé e. Ẹ da bọ́tìnnì sínú àwo, kí wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún máa ṣà á sínú kọ́ọ̀bù: ti kóòtù ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ti ṣẹ́ẹ̀tì. Inú mi máa ń dùn sí iṣẹ́ tí aláìsàn mọ̀ tẹ́lẹ̀, torí kì í tètè sú wọn.

Bí ọwọ́ bá dì, ẹ má fi tipátipá ṣí ìka. Ẹ rọra tẹ ọrùn ọwọ́ wálẹ̀, ìka á dẹ̀. Ẹ má sì fa apá yẹn láti gbé wọn dìde láé, èjìká lè yẹ̀.

Bí dókítà bá ti kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn, kí wọ́n má pa á jẹ.