Ìdáhùn fún Bàbá Ìbejì: abẹ́ ilé ni wọ́n ti ń mú radon

Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire ilé tuntun, Olúwa á jẹ́ kí ẹ pẹ́ níbẹ̀. Mo ka ohun tí ẹ kọ: pé ẹ gbé ẹ̀rọ ayẹ̀wò sí básímẹ́ǹtì (yàrá abẹ́ ilẹ̀) níbi tí àwọn ìbejì ń sùn nínú ilé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀ ní Brooklyn Park ní Minnesota, radon rẹ̀, ìyẹn gáàsì eléwu tó ń ti inú ilẹ̀ wá, sì ka 7.2 pCi/L (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka radon inú afẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà), pé ẹnì kan ní kí ẹ kàn máa ṣí fèrèsé, ọ̀rẹ́ yín kan sì ní jìbìtì òyìnbó ni. Ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè fi ọwọ́ ara yín dí ibi tí ilẹ̀ ti sán, kí ẹ má baà náwó. Ìbéèrè tí èmi náà béèrè nìyẹn. Ọdún méjì ni mo fi wá ìdáhùn rẹ̀, owó tí mo sì ti fi ṣòfò kí n tó rí i, bí mo bá rántí, inú ṣì ń bí mi.

Ìhín Minnesota yìí náà ni ilé tiwa wà. Ọdún 1974 ni wọ́n kọ́ ọ, a rà á ní 2016. Kẹ́mi àti àbúrò rẹ̀ ló ń sùn ní básímẹ́ǹtì nítorí pé ibẹ̀ gbòòrò. Ní oṣù kìíní 2017, nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fún mi ní páálí ayẹ̀wò kékeré kan tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, mo fi ránṣẹ́. Èsì dé: 11.3. Bàbá Kẹ́mi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Gáàsì tí kò láwọ̀, tí kò rùn, tí a ò rí ẹni tó pa rí. Wọ́n fẹ́ jẹ wá ni.”

Mi ò dá a lẹ́bi. Gáàsì tí àwa mọ̀ láti ilé ni èéfín jẹnẹrétọ̀: wọ́n á gbé jẹ́ń sí kọ́rídọ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀ á mọ́, odindi ìdílé kan ò ní jí. Ìyẹn, kíá ló ń ṣe tiẹ̀. Radon ò ní fọ́ yín lórí, kò ní mú yín húkọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó pa ọkọ mi lẹ́nu mọ́ ni ìtàn Stanley Watras. Ilé iṣẹ́ iná nukilíà Limerick ní Pennsylvania ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kejìlá 1984, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ara òṣìṣẹ́ wò bóyá ìtànṣán ti bà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lé e lórí. Bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná. Ló bá di pé ẹ̀rọ ń ké nígbà tó ń wọlé láàárọ̀, kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ rárá. Àṣé láti ilé ló ti ń gbé e bọ̀! Nígbà tí wọ́n wọn ilé rẹ̀, radon ibẹ̀ tó nǹkan bí 2,700 pCi/L. Bó bá ti dé 4 ni EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, ní kí onílé wá nǹkan ṣe sí i; Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ sọ tiwọn kalẹ̀ sí nǹkan bí 2.7. Bàbá Kẹ́mi dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ṣé 11 tiwa yìí ṣeé gbé wálẹ̀?”

Inú ilẹ̀ ló ti ń wá. Yuréníọ̀mù wà nínú òkúta àti erùpẹ̀ káàkiri ayé, díẹ̀díẹ̀ ló ń di rédíọ̀mù, rédíọ̀mù á wá di radon. Radon fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ láyé: láàárín nǹkan bí ọjọ́ 3.8, ìdajì rẹ̀ ti yí padà di ègé tín-ín-tín mìíràn, àwọn ègé yìí gan-an ló ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. EPA fojú bù ú pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí radon ń fà ń pa nǹkan bí 21,000 ènìyàn lọ́dún ní Amẹ́ríkà. Sìgá nìkan ló ṣáájú rẹ̀, bí ẹni tó ń mu sìgá bá sì tún ń gbé inú ilé tí radon pọ̀ sí, àwọn méjèèjì á ran ara wọn lọ́wọ́. Ní ti Minnesota, yìnyín ńlá ayé àtijọ́ ló gbá òkúta àti erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ síbí. Ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ sọ pé nínú ilé 5, nǹkan bí 2 ni radon rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, kì í ṣe ilé yín nìkan ló rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ bó ṣe ń wọlé, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Nígbà òtútù, a ó tan hítà, afẹ́fẹ́ gbígbóná á gòkè, á máa gba òkè àjà sá jáde. Ohun tó bá jáde lókè, òmíràn ní láti wọlé nísàlẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ilé á wá máa fa ilẹ̀ bí ẹni ń fa mùdùnmúdùn inú eegun, radon á sì máa bá a wọlé. Ní ilé wa lọ́hùn-ún, kò sí básímẹ́ǹtì, kò sí hítà, fèrèsé wa ń ṣí tọ̀sán tòru. Kò yani lẹ́nu pé kò sí ìyá tàbí bàbá tó kìlọ̀ rẹ̀ fún wa.

Fèrèsé ni mo kọ́kọ́ dán wò. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú ẹsẹ̀, mo ṣí fèrèsé básímẹ́ǹtì méjèèjì nínú òtútù ìhín tí imú ènìyàn fi ń dì. Nọ́ńbà wálẹ̀ sí 3. Inú mi dùn. Mo ti fèrèsé kí páìpù omi má baà dì, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti padà sí 10. Owó hítà oṣù yẹn, ẹ má bi mí. Ohun tí n kò sì mọ̀ ni pé ẹni tó bá ṣí fèrèsé òkè nìkan ń ran ilé lọ́wọ́ láti fa ilẹ̀ sí i ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Mo gba òwe gbọ́, mo ra gọ́ọ̀mù sílíkónì ike mẹ́rìnlá, mo fi Sátidé mẹ́ta gbáko wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń dí gbogbo ibi tí kọnkéré ti sán. Orúnkún mi wú. Mo tún wọ̀n ọ́n: 9.8. Aláǹgbá yìí kì í dúró de ògiri tó lanu. Ó ń gba ojú ihò wẹ́wẹ́ ara kọnkéré fúnra rẹ̀, ó ń gba ẹ̀yìn pátákó níbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ tí ọwọ́ mi ò dé, ó sì ń gba kòtò omi tó wà ní igun básímẹ́ǹtì, èyí tí mo ń fo kọjá lójoojúmọ́. EPA náà sọ ọ́ pé dídí nìkan kò tó, n kò kàn tíì kà á nígbà yẹn ni.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, torí ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ọmọ ilé wa kan tó ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ ilé ní òun á bá wa ṣe é ní 600 dọ́là. Ó lu ihò sí ilẹ̀ básímẹ́ǹtì, ó ki páìpù bọ̀ ọ́, ó so fáànù mọ́ ọn níbẹ̀ nínú básímẹ́ǹtì, ó sì yọ ẹnu páìpù gba ara ògiri jáde, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí fèrèsé yàrá Kẹ́mi. A dúpẹ́, a fún un lóúnjẹ. Nọ́ńbà básímẹ́ǹtì wá sí 6. Ṣùgbọ́n mo gbé ẹ̀rọ lọ sókè sí pálọ̀, ohun tó ń ka 4 tẹ́lẹ̀ ti di 7. Ẹni tó tún un ṣe lẹ́yìn ló là mí lóye: láti ẹnu fáànù lọ sókè, títì ni fáànù ń ti gáàsì, bí ojú ìsopọ̀ páìpù kan bá jò, inú ilé ló ń da radon sí. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbé fáànù sí ibi tí ènìyàn ń gbé; òkè àjà tàbí ìta ló yẹ ẹ́. Ẹnu páìpù sì gbọ́dọ̀ ga kọjá òrùlé, kó jìnnà sí fèrèsé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohun tí a lé jáde á tún padà wọlé.

Ní 2019, ìpínlẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo wá obìnrin kan tó ní ìwé náà. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ sọ iye owó. Ó fi dírílì lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí igun mẹ́ta, ó fi ẹ̀rọ gbálẹ̀ ńlá fa ihò kan ní àárín, ó wá ń fín èéfín díẹ̀díẹ̀ sí ẹnu àwọn tẹ́ẹ́rẹ́. Ní igun méjì, èéfín rá wọ inú ilẹ̀ bí ẹni pè é. Ní igun kẹta, abẹ́ yàrá tí onílé àkọ́kọ́ fi kún ilé, èéfín dúró, ó ń ṣeré lókè ihò. Ó ní, “Amọ̀ ló wà lábẹ́ ibí, kò sí òkúta wẹ́wẹ́. Ihò kan ò ní tó yín.” Àyẹ̀wò ogún ìṣẹ́jú yìí ni ọmọ ilé wa fò.

Ihò méjì ló lù. Mo kúnlẹ̀ wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ kó erùpẹ̀ lábẹ́ kọnkéré, kún bọ́kẹ́ẹ̀tì kan àti ààbọ̀, òórùn ilẹ̀ tútù gba gbogbo yàrá. Ó so páìpù méjèèjì pọ̀, ó gbé e gba inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ sókè, fáànù wà lókè àjà, ẹnu rẹ̀ yọ lórí òrùlé. Ó fi ọmọrí dé kòtò omi, ó lẹ̀ ẹ́ pinpin. Ohun tí fáànù yẹn ń ṣe kò ju pé ó ń fa abẹ́ kọnkéré ju bí ilé ṣe ń fà á lọ. Ilé ń fà, fáànù ń fà, ẹni tó lágbára jù ló gba eegun. Ọjọ́ kan ni iṣẹ́, 1,850 dọ́là. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta a wọ̀n ọ́n: 1.4. (Gọ́ọ̀mù mi ò kúkú ṣòfò tán, ó ní àwọn ibi tí mo dí ló jẹ́ kí fáànù rí ilẹ̀ fà dáadáa, kó má máa fa afẹ́fẹ́ inú ilé.)

Lára páìpù náà ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, omi pupa wà nínú rẹ̀. Bí fáànù bá ń ṣiṣẹ́, omi apá kan á ga ju ti èkejì lọ. Ní ìgbà òtútù 2023, àbúrò Kẹ́mi lọ kó aṣọ nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ké sókè pé, “Mọ́mì, omi pupa yìí ti dọ́gba o.” Fáànù ti kú. Èmi tí mò ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ kò wojú rẹ̀. Nọ́ńbà ti padà sí 8. A pààrọ̀ fáànù, ó wálẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń fọṣọ nílé wa tí kì í wo omi pupa, ọdún méjì-méjì la sì tún ń wọn ilé.

Nípa tiyín, Bàbá Ìbejì: bó bá jẹ́ pé ẹ ń ṣílẹ̀kùn ṣí fèrèsé nígbà tí ẹ ń wọ̀n ọ́n, ẹ tún un ṣe. Ẹ ti gbogbo rẹ̀ fún wákàtí 12 ṣáájú àti jálẹ̀ àyẹ̀wò, ẹ gbé e jìnnà sí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Bí 7.2 náà bá ṣì ń jáde tàbí ohun tó jọ ọ́, ẹ pe oníṣẹ́. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn 2009 ni wọ́n kọ́ ilé náà, ẹ kọ́kọ́ wá páìpù kan tó gba básímẹ́ǹtì lọ sókè òrùlé láìní fáànù. Òfin ìkọ́lé ìpínlẹ̀ yìí ti ń béèrè fún un láti ìgbà yẹn, ó lè jẹ́ fáànù nìkan ni ẹ máa fi kún un. Ẹ tún yẹ ìwé tí ẹni tó ta ilé fún yín fọwọ́ sí wò, torí láti 2014 ló ti di dandan kó sọ ohun tó bá mọ̀ nípa radon ilé náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, ẹ bi í níbo ló máa gbé fáànù sí, kí ẹ sì wò ó bóyá ó máa dán abẹ́ ilẹ̀ wò kó tó dá owó lé e. Bó bá ní básímẹ́ǹtì ló máa gbé fáànù sí, ẹ fún un ní omi mu, kó máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa tó béèrè láti Northampton, ìyẹn náà wà lára ibi tí radon pọ̀ sí ní Ìlú Ọba. Bq/m³ (ìwọ̀n mìíràn tí kì í ṣe pCi/L tiwa) ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ yín, 200 sì ni ìwọ̀n tí wọ́n ní kí ènìyàn ti wá nǹkan ṣe, ìyẹn nǹkan bí 5.4 tiwa. Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀rọ wọn máa ń wà nílé, ẹ má kánjú.

Bàbá Ìbejì, ẹ fi iye tí oníṣẹ́ bá pè fún yín síbí ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wá ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ gbé bẹ́ẹ̀dì àwọn ìbejì kúrò nísàlẹ̀ yẹn lálẹ́ òní.