Kòkòrò wo ni Màmá rí?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Eyín ńlá kan nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún ló lu, ó sì ń ro mí débi pé n kì í rí oorun sùn. Ìyá kan fi èéfín sí i fún mi, kòkòrò mẹ́rin ló jáde, ojú ara mi ni mo fi rí wọn. Ìrora náà sì lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Dókítà tí mo lọ bá ní root canal ni kí n ṣe, owó rẹ̀ sì ju ti eyín yíyọ lọ dáadáa. Ṣé kòkòrò tó kù ni wọ́n fẹ́ pa? Ṣé kí n kúkú ní kí wọ́n yọ ọ́?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má bínú pé n kò ní tètè dé ibi tí ẹ ń lọ. Kòkòrò yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá yín sọ, torí ẹ̀yin kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé e wá bá mi, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń sú mi.

Kò sí kòkòrò nínú eyín yín. Kò sí nínú ti ẹnikẹ́ni. Hóró èso ni wọ́n ń dà sórí ẹyin iná. Bí ooru bá mú un, á bẹ́, ọlẹ̀ inú rẹ̀ tí ì bá hù di ewéko á yọ síta: ó funfun, ó tín-ín-rín, ó ká bí ìdin. Bó bá ti bọ́ sínú igbá omi tí wọ́n ní kí ẹ ya ẹnu sí, ó parí, kòkòrò eyín dé nìyẹn. Tí ẹ bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, ẹ padà lọ bá ìyá náà, kí ẹ ní kó da hóró kan náà síná láìsí ẹnu ẹnikẹ́ni nítòsí. Kòkòrò á tún jáde. Igbá kò kúkú ní eyín.

Kì í ṣe àwa nìkan ni wọ́n fi èyí mú. Àwọn òyìnbó náà jẹ ẹ́ yó: hóró ewéko kan tí wọ́n ń pè ní henbane ni wọ́n ń sun. Pierre Fauchard, dókítà eyín ará Faransé, fi máíkírósíkóòpù wá kòkòrò náà títí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1728 pé òun kò rí i. Nígbà tó di 1890, Miller, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, ṣàlàyé pé bakitéríà inú ẹnu ló ń jẹ ṣúgà àti oúnjẹ tó lẹ̀ mọ́ eyín, tó sì ń pèsè ásíìdì tó ń jẹ eyín wọnú. Èdè wa náà tún dá kún un, torí bakitéríà yìí kan náà là ń pè ní kòkòrò àìfojúrí. Àìfojúrí, Màmá. Èyí tí ẹ bá fojú rí nínú igbá, òun kọ́.

Ẹ ó ní, ṣebí ìrora lọ. Ó lọ lóòótọ́. Nínú eyín, lábẹ́ èèpo tó le ju egungun lọ, ohun rírọ̀ kan wà bíi mùdùnmúdùn. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀, iṣan tó ń mọ ìrora náà wà níbẹ̀. Bí ìjẹrà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á wú, kò sì sí àyè tó lè wú sí. Ìyẹn ló ń ro yín lóru. Tó bá yá, á kú, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́. Ẹ wo eku tó ń sáré nínú àjà ilé: lọ́jọ́ tó bá kú síbẹ̀, ẹ ó sùn dáadáa. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín tó wú, òórùn eku náà ni. Ìdọ̀tí ti gba ẹnu gbòǹgbò eyín jáde, ó ń jẹ egungun, ọyún sì ń gbá jọ.

Root canal ni kí a lọ gbé òkú eku náà jáde. Wọ́n á gún yín lábẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ kú tipiri, wọ́n á lu eyín, wọ́n á fi irin wẹ́wẹ́ ha inú gbòǹgbò, wọ́n á fi oògùn fọ̀ ọ́, wọ́n á sì dí i pẹ̀lú gutta-percha, oje igi kan bíi rọ́bà. Eyín ńlá máa ń ní ojú ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú gbòǹgbò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè lọ lẹ́ẹ̀méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n sábà máa ń dé e ládé, ìyẹn ìdérí líle tí wọ́n ń fi bo eyín, kó má baà là. Ẹ bèèrè owó adé náà pọ̀ mọ́ ìyókù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Yíyọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí eyín náà bá ti là dé gbòǹgbò, yíyọ ló kù. N kò rí X-ray yín, n kò sì lè jókòó síbí kí n pàṣẹ. Dókítà tó yẹ̀ yín wò ló mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ní eyín náà ṣeé gbà là, tí owó bá sì wà, èmi á gbà á là. Àlàfo tí eyín bá fi sílẹ̀, àwọn tó kù á máa wó sí i.

Ẹ má tú kápúsù dà sínú ihò náà, ẹ má sì rò pé gbígbé e mì ló máa wò ó. Ẹ̀jẹ̀ kò dé inú eyín tó ti kú mọ́, oògùn tí ẹ gbé mì kò lè débẹ̀. Omi bátìrì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Bí wíwú náà bá sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, tí ẹnu kò ṣeé là, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì tàbí tí èémí ń ṣòro, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìdí-Àbà lóru ọjọ́ náà, torí ó ń pani.

Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, ẹ mú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, ìyẹn ti ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, kí ẹ sì fi wọ́n han dókítà kó tó gún yín lábẹ́rẹ́.