Ológbò jẹ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí: ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ èyí tó sọnù

Ẹ kú ìdààmú o, ìyàwó wa tó ń gbé Apáta. Mo ka ohun tí ẹ kọ: ológbò yín fa sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ìfètòsọ́mọbíbí yín ya lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ò mọ iye tó gbé mì, màmá ọkọ yín sì ní kò burú rárá, wọ́n ní kí ẹ kúkú máa bu ìdajì fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó yé bímọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni mo ń tà ní Bódìjà. Nítorí eku, ológbò ò wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù wa rí, láti ìgbà ìyá mi. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tí ẹ béèrè yìí ti ṣẹlẹ̀ lójú mi, owó mi ló sì bá a lọ.

Ti àkọ́kọ́ ná. Ẹ fọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó. Ẹ gbé sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ ka èyí tó kù, ẹ yọ iye tí ẹ̀yin fúnra yín ti lò kúrò, kí ẹ wá wo àwọ̀ èyí tó sọnù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà fún wa ní kẹ́míìsì, 28 ló wà nínú rẹ̀. 21 ni oògùn gan-an. 7 tó kù, àwọn búráùn tí a máa ń lò lọ́sẹ̀ nǹkan oṣù, irin ló wà nínú wọn. Àwa obìnrin kì í ka búráùn yẹn sí oògùn, ẹlòmíì tiẹ̀ máa ń jù ú nù. Lára ológbò, òun gan-an lọ̀gá.

Nígbà tí Ìyálọ́jà jẹ oògùn ọmọ mi obìnrin (ológbò mi ni Ìyálọ́jà o, kí ẹ má rò pé ìyálọ́jà ọjà wa ni), dókítà ẹranko ló ṣe ìṣirò rẹ̀ fún mi lẹ́yìn káàdì. Kílò 3 ni Ìyálọ́jà wọ̀n. Oògùn obìnrin kan, èròjà obìnrin inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní estrogen sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 0.03. Kó tiẹ̀ gbé gbogbo 21 mì, kò tó 0.7, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní àyà àwọn kì í já àfi tó bá tó 1 fún kílò kan, ìyẹn 3 fún òun. Ó lè bì, ó lè yàgbẹ́ gbuuru, ó lè kọ oúnjẹ títí di ọjọ́ kejì, kó sì tán síbẹ̀. Irin ni kì í ṣe eré. Búráùn kan sábà máa ń ní ferrous fumarate mílígíráàmù 75, irin gidi inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 24. Tó bá ti kọjá 20 fún kílò kan, inú á ti máa dàrú. Tó bá dé 60, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí. Mẹ́ta péré á gbé ológbò oníkílò 3 kọjá 20. Méje á gbé e dé ẹnu 60.

Irin tún máa ń tan èèyàn jẹ. Ológbò á bì, ẹ̀jẹ̀ lè hàn nínú ìgbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á wálẹ̀, á sùn, ẹ óò sì ní ó ti gbádùn. Nǹkan bíi wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn tó gbé e mì nìyẹn máa ń bọ́ sí, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni irin ń bá jà lábẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ búráùn ló sọnù, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ẹ wá to àfàya sáṣẹ́ẹ̀tì náà jọ sórí tábìlì, ẹ wò ó bóyá ó pé. Ti Ìyálọ́jà, igun kan ò sí níbẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, etí rẹ̀ sì mú ṣáṣá. Funfun tó jẹ́ oògùn gan-an nìkan ló jẹ, kò kan búráùn kankan, torí náà igun yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀ fún wa ju oògùn lọ. A ń tú ìgbẹ́ rẹ̀ wò títí a fi rí i. Èyí tó bá há sí ìfun, abẹ ló ń yọ ọ́. Tí tiyín bá ń bì ṣáá, tí kò yàgbẹ́, tó ń ká ara jọ sí kọ̀rọ̀, ẹ gbé e lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti máa gbà yín níyànjú rẹ̀; ọmọ tó ń bá mi tú ẹ̀wà ti ṣí ìdérí ìgò kí n tó bojú wẹ̀yìn. Ológbò tí wọ́n là lẹ́nu pẹ̀lú agbára tí wọ́n da epo sí i lọ́fun, epo yẹn lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, èyí tí oògùn ò sì pa, epo á pa á. Mílíìkì inú agolo náà, ọ̀kan náà ni tí ẹ bá fi tipá rọ ọ́. Omi iyọ̀ láti mú un bì ńkọ́? Rárá o. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ fún un ní Panadol, ẹ dákun, ẹ má dá a lóhùn: hóró kan lè pa ológbò.

Láti Apáta, Micra á gbé yín dé Mọ́kọ́lá, níbi ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ti Yunifásítì Ìbàdàn náà wà. Ẹ mú sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn náà dání, bó ti wù kó ya tó, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ màmá. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Abo ológbò tó bá ń wá akọ kì í jẹ́ kí àdúgbò sùn. Ní Ìbàdàn wa níbí, tí ológbò bá ti ń ké lóru, àjẹ́ ni. Mo ti rí èyí tí wọ́n sọ lókò pa, kò sì ṣe ju pé ó ń wá akọ lọ. Láti ọmọ oṣù mẹ́rin ló ti lè bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá rí akọ, á dákẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta á tún gbé e dé. Nílùú òtútù, wọ́n máa ń sinmi tí ojúmọmọ bá kúrú. Tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrú, ìsinmi wo ló wá kù? Oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọjọ́ 65 lọ, ó sì lè tún lóyún nígbà tí àwọn ọmọ ṣì ń mu ọmú. Torí náà n ò bá màmá jà. Oògùn tí wọ́n ní kí ẹ fi ṣe é ni mi ò fara mọ́.

Mo gba ológbò kan rí tí wọ́n ń pè ní Ẹyẹlé. Ìyá kan tó ń ta epo ní ìlà wa ló ni ín; nígbà tó ń kó lọ sí Ìsẹ́yìn ló fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n má ṣèyọnu ti ọmọ, pé òun ń lọ oògùn obìnrin sínú ẹja fún un, àti pé oníkẹ́míìsì kan ti bá òun gún un ní abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta. Mílígíráàmù 150 ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, obìnrin odindi ni wọ́n ṣe é fún.

Lóòótọ́, Ẹyẹlé ò bímọ. Ọmú rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú, méjì tó wà lẹ́yìn, bí ọsàn, ó pọ́n, ó gbóná, kò lè fi ikùn lélẹ̀. Ìyẹn fà díẹ̀díẹ̀, ó rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Ológbò kì í mu omi bẹ́ẹ̀ yẹn. Ike omi tí a fi ń wọ́n ilẹ̀ kí eruku èlùbọ́ má baà gbé, á na ọrùn sínú rẹ̀, á lá a lá a, á sinmi, á tún padà sí i. Ikùn rẹ̀ wá ń yọ, ọmọ tó ń tú ẹ̀wà ní ó ti lóyún nígbẹ̀yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo rí àbàwọ́n lórí àpò tó máa ń sùn lé, ó yi, ó pọ́n rúsúrúsú, òórùn rẹ̀ sì ju ti ẹran tó bàjẹ́ lọ. Ọyún ló ti kún ilé ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n là á, owó tí mo san sì pọ̀ gan-an ju ohun tí mo san nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Ìyálọ́jà tí ara rẹ̀ le.

Bí dókítà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ni pé oògùn yẹn ń parọ́ fún ilé ọmọ pé oyún wà níbẹ̀. Ara ilé ọmọ á máa nípọn, á máa sun omi, kòkòrò á sì ráyè wọlé. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, jẹjẹrẹ ọmú wà níbẹ̀. Tó bá sì ti lóyún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, ó lè dí ìrọbí lọ́wọ́, káwọn ọmọ kú sínú. Àwọn òyìnbó lo oògùn kan tó ń jẹ́ megestrol acetate fún ológbò kó má bàa bímọ, àwọn àrùn tí mo kà yìí náà ló ń tẹ̀ lé e, dókítà ló sì ń wọ̀n ọ́n. Ìdajì tí màmá ní kí ẹ bù, ta ló wọ̀n ọ́n? Postinor tí àwọn kan ń fi sínú ẹja náà, ìwọ̀n obìnrin ló wà lára páálí rẹ̀.

Ìyálọ́jà, iṣẹ́ abẹ ni mo ṣe fún un. Wọ́n yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin. Kó tó kọ́kọ́ wá akọ ló dáa jù, torí ìyẹn ń dín jẹjẹrẹ ọmú kù púpọ̀. Àwọn ará ọjà ní mo ti fi ayé dù ú, pé kò ní pa eku mọ́. Ẹ wá wo ìdí àpò ẹ̀wà mi láàárọ̀. Ti akọ rọrùn jù, títẹ̀ lọ́dàá ni, àmọ́ ó ṣì lè fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ara tiyín balẹ̀ ná kí ẹ tó gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ yìí, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ó jẹ oògùn. Kó má jẹun láti òru. Apẹ̀rẹ̀ adìyẹ tó ní ìdérí dáa ju kí ẹ gbé e lọ́wọ́ nínú Micra. Ẹ ní kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ náà. Tó bá ń lá ojú abẹ, ẹ wá aṣọ ọmọ ọwọ́ tó ti kéré, ẹ gé ihò ẹsẹ̀ sí i, ẹ wọ̀ ọ́ fún un.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Oògùn tí ológbò jẹ, tiyín ni o. Ẹ ra òmíràn lónìí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú láti ọjọ́ tí ẹ dé. Tí ẹ bá ti fo tó ọjọ́ méjì nínú gbogbo ìdààmú yìí, kí bàbá lo rọ́bà fún ọjọ́ 7, kó má lọ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa bímọ.