Ìyá Ìbejì, ẹ di ọwọ́ Ìdòwú mú

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o, Ìyá Ìbejì. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ń bọ̀ wálé láti Manchester nínú oṣù Kejìlá, ìbejì yín jẹ́ ọmọ ọdún méje, Ìdòwú jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ fẹ́ mọ etíkun, omi tó ń já láti orí àpáta, àti òkè tí ọmọdé lè gùn láìsí wàhálà. Ẹ tún béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ kiri lè yí níbẹ̀. Àwọn tó ti dá yín lóhùn ṣáájú mi ní kẹ́ ẹ kó wọn lọ sí etíkun lápá Lẹ́kí, pé afẹ́fẹ́ dáa, sùúyà sì wà. Wọn ò parọ́. Afẹ́fẹ́ dáa, sùúyà wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa níbẹ̀.

Ọdún 2019 ni, ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Keje. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méje ni. Mi ò ní dárúkọ etíkun náà, mi ò fẹ́ ẹjọ́. A sanwó lẹ́nu ọ̀nà. A wọlé tán, àwọn ọmọkùnrin kan tún yọ sí wa: owó ibi tá a gbé mọ́tò sí, owó àga, owó àtíbàbà. Mo ní èwo wá ni èyí tí mo san lẹ́nu ọ̀nà? Ọ̀kan nínú wọn gbé káàdì kọ́rùn, ó ní òun ni ọ̀gá, pé bí mi ò bá ní sanwó, kí n kó àwọn ọmọ mi kúrò níbi tí òun ń ṣọ́. Inú bí mi, mo sì dúró bá a fa ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó mi ń bu jọ̀lọ́ọ̀fù sáwo. Àwọn ọmọ wà létí omi. Omi ò kọjá orókún wọn, ojú ara mi ni mo fi rí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé omi yẹn, torí èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Etíkun Èkó kì í rọra jìn. Iyanrìn ibẹ̀ rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìgbì á gùn ún wá, á fọ́, omi náà á wá máa sáré padà, ipá tó fi ń padà ló ń fa ẹsẹ̀ ọmọdé tu nílẹ̀. Ibì kan sì máa ń wà tí ìgbì kì í ti í fọ́, tí omi á dúró jẹ́ẹ́ láàárín ìgbì ọ̀tún àti ti òsì. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ibẹ̀ ló rọ̀ jù. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo omi tó wọlé ń gbà padà sínú òkun. Ọmọdé fẹ́ràn ibẹ̀ torí kò sí ohun tó ń gbá wọn lójú. Ibẹ̀ ni tèmi lọ dúró sí.

Kò pariwo, Ìyá Ìbejì. Èèyàn máa ń rò pé ẹni tí omi ń gbé lọ á ké gbàmí. Kí ló máa fi ké, nígbà tí omi ti dí i lẹ́nu? Àbúrò rẹ̀ ló wá fà mí láṣọ: "Dádì, Sístà ti lọ jìnnà." Mo yíjú, mo rí orí rẹ̀ bí àgbọn lójú omi, ó ń yọ, ó ń rì. Mo ní "Ẹ gbà mí o, ọmọ mi!" Ẹni tó gbé káàdì kọ́rùn sọ fún mi pé owó ni iṣẹ́ tòun, pé òun kọ́ ló ń ṣọ́ omi. Èyí tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa, tí wọ́n ní ó ń ṣọ́ àwọn tó ń wẹ̀, sáré dé etí omi, ó sì dúró síbẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò lè wọ omi tó bá le báyẹn. Wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Àwọn wọ̀nyí gbé ẹni tí kì í ṣe òmùwẹ̀ síbẹ̀, wọ́n fún un láṣọ.

Apẹja kan, ọmọ Ìlàjẹ, tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ló bẹ́ sómi. Kò bá omi jà. Ó jẹ́ kí omi gbé òun náà lọ bá a, ó fi ọwọ́ kan gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó wá ń lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ sápá ìlà oòrùn títí ó fi jáde kúrò nínú ibi tí omi ti ń fà, kó tó kọjú sílẹ̀. Láti ìgbà náà mo ti ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa ẹ̀: má bá omi jà, léfòó, lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ohun tí apẹja yẹn ṣe náà nìyẹn, kò sì ka ìwé kankan. Ṣùgbọ́n ta ni fẹ́ lọ ka ìwé yẹn fún ọmọ ọdún méje tí omi iyọ̀ ti kún imú rẹ̀?

Wọ́n gbé e dé orí iyanrìn, èrò pé lé e lórí. Ẹnì kan fẹ́ dorí ẹ̀ kodò. Ẹnì kan ti sáré gba epo pupa lọ́wọ́ alákàrà, ó fẹ́ rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì kan tó wá gbafẹ́ ló lé gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eléyìí sọ́kàn bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ gbàgbé gbogbo èyí tó kù: ẹni tó bá mu omi, ẹ má dorí ẹ̀ kodò, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Bó bá ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ fi gbígbẹ wé e. Bí kò bá mí, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ èèyàn lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ yín, ẹ lọ kọ́ ọ kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Tèmi wúkọ́, ó bì, ó bú sẹ́kún. Mo gbọ́ ẹkún yẹn, mo jókòó sórí iyanrìn, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́.

Kò tíì parí o. A gbé e dé ilé ìwòsàn aládàáni kan. Akọ̀wé tó jókòó síwájú ní ká ra káàdì ná. Ọmọ ń wúkọ́, omi iyanrìn ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀, obìnrin náà ń bi mí bóyá a ti ní fáìlì níbẹ̀ rí. Dókítà wò ó lójú, ó ní kò sí nǹkan kan, ká gbé e lọ sílé, ká fún un ní tíì gbígbóná. Ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà wà lọ́rùn rẹ̀, kò fi kàn án. Nígbà tó di aago mẹ́wàá alẹ́, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mí fúkẹ́fúkẹ́, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀ bí ti ẹṣin. Ilé ìwòsàn kejì ló gbọ́ àyà rẹ̀, wọ́n ní omi òkun ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lórí ọ́síjìn. Nítorí náà, ọmọ tí omi bá gbé, bó tiẹ̀ dìde tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ má sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bó bá ń wúkọ́ láìdáwọ́ dúró, tó ń mí kíákíá, tó ń tòògbé lọ́nà tí kò yé yín, ilé ìwòsàn ni. Bí dókítà bá ní kò sí nǹkan kan, ẹ ní kó gbọ́ àyà rẹ̀ níṣojú yín. Ẹ má tijú.

Ẹ̀yin ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá, òkun á rọ̀ díẹ̀ ju ti oṣù Keje lọ, torí ìgbì ńláńlá tó ń ti apá gúúsù wá a máa dín kù nígbà yẹn. Díẹ̀ ni mo sọ o. Bó bá jẹ́ dandan kí àwọn ọmọ fẹsẹ̀ kan òkun, etíkun Tarkwa Bay lẹ́nu èbúté Èkó ni mo lè fọkàn tán. Nígbà ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, wọ́n to òkúta ńláńlá sẹ́nu èbúté Èkó kí iyanrìn má baà dí ọ̀nà ọkọ̀, odi òkúta yẹn ló ń gba ìgbì sára, omi inú ibẹ̀ á wá rọlẹ̀ bíi ti ọ̀sà. Inú ibi tó tẹ̀ wọlé yẹn ni kẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ má kọjá sí ẹ̀yìn odi tó dojú kọ òkun gbalasa. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀. Ẹ̀wù ìléfòó tí wọ́n máa ń fúnni nínú ọkọ̀, ti àgbà ló sábà máa ń jẹ́, Ìdòwú á yọ́ bọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹja. Ẹ ra ti ọmọdé wá láti ọ̀hún. Ẹ padà kí oòrùn tó wọ̀, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ kejì Kérésì, gbogbo Èkó ló máa ń jáde lọ́jọ́ yẹn.

Ẹṣin etíkun náà ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bọ́ bàtà nítorí ìgò fífọ́.

Ní Lẹ́kí kan náà, ibi ìdáàbòbò igbó tí wọ́n ń pè ní Lekki Conservation Centre dára fún ọmọdé ju òkun lọ. Ọ̀nà onípákó gba inú ẹrẹ̀ àti igbó kọjá, ẹsẹ̀ Ìdòwú á gbé e. Afárá tó wà lókè orí igi gùn tó mítà 401, ó sì máa ń mì. Ìbejì lè gùn ún bí àyà wọn bá gbà á, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èèyàn ti ń yà sílẹ̀ láàárín, ẹ rò ó dáadáa. Ẹ fi oúnjẹ pa mọ́ o, ọ̀bọ ibẹ̀ ò mọ̀ pé àlejò ni yín.

Ní ti omi tó ń já láti orí àpáta, Olúmirìn ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ìpele méje ló ní. Ìpele àkọ́kọ́ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, omi rẹ̀ ń tutù, àwọn ọmọ á gbádùn rẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró. Láti ìkejì lọ sókè, gbòǹgbò àti òkúta tó ń yọ̀ lèèyàn ń dì mú. Ẹnikẹ́ni tó bá ní "ó kù díẹ̀, Màmá", ẹ bi í pé ta ni yóò pọn Ìdòwú sọ̀ kalẹ̀. Sáńdààlì tó ní okùn lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ wọ̀ fún wọn, kì í ṣe sílípáàsì. Ìkógòsì ò jìnnà síbẹ̀, ní Èkìtì: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí wọ́n fi pàdé, ọmọ lè ti ẹsẹ̀ kan bọ ibí, kó ti ìkejì bọ ọ̀hún. Bí mo bá ní ọjọ́ kan péré pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rin, Ìkógòsì ni mo máa lò ó sí.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ nínú adágún tàbí odò tó dúró sójú kan, ó wù kó mọ́ gaara. Àtọ̀sí ajá wà níbẹ̀. Inú ìgbín kéékèèké ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, awọ ara ló ń gbà wọlé, èèyàn kì í sì í mọ̀. Adágún Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta lókìkí burúkú nípa rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọmọ á máa tọ ẹ̀jẹ̀, dókítà yín ní Manchester á máa wá ohun tí kò sọ nù. Ẹ má gbàgbé oògùn ibà náà.

Òkè ńkọ́? Olúmọ. Orí rẹ̀ ga tó mítà 137 láti ojú òkun, àtẹ̀gùn wà, ẹ̀rọ agbéniròkè wà, ṣùgbọ́n ẹ ṣètò bí ẹni pé àtẹ̀gùn nìkan ló wà. Ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun ni ìbejì yín máa fẹ́ràn jù, àgbà ni yóò forí gbá òkúta níbẹ̀. Òkè Ìdànrè lẹ́wà jù ú lọ, ìlú àtijọ́ ṣì wà lórí rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ibi ìsinmi márùn-ún wà lójú ọ̀nà. Ìbejì lè ṣe é bẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ìdòwú á gun ọgọ́rùn-ún, á jókòó, á ní òun ò lọ mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọn ò ṣàdédé máa pe Ìdòwú ní Èṣù lẹ́yìn ìbejì. Àdó-Àwáyè, níbi tí adágún Ìyáké wà lórí òkè, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tó bá dàgbà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé kẹ̀kẹ́ ọmọ tẹ́ ẹ béèrè. Ẹ fi í sílẹ̀ ní Manchester. Kò wúlò lórí iyanrìn, kò lè gun àtẹ̀gùn, ẹ̀yin lẹ máa gbé òun àti ọmọ. Ọ̀já ni kẹ́ ẹ mú wá, kó jẹ́ méjì, torí ọ̀kan máa tutù.