Òróró Ọkọ̀ Tí A Ti Lò Kọ́ Ni Oògùn Kòkòrò Inú Igi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo jogún bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì ìyá àgbà mi. Mo fẹ́ fi pákó orí bẹ́ẹ̀dì náà ṣe férémù dígí sí pálọ̀, kí n sì sọ ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ìdúró àtùpà. Ìyẹ̀ funfun ń dà lára wọn. Aládùúgbò mi ní ikán ni, pé kí n fi kọ́ńdẹ̀m̀ ọ́ìlì kùn wọ́n, kí n sì sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n kùn wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ má kùn wọ́n rárá, ìyá wa. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àkísà nù ún kúrò lónìí. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ó sì ń bí mi nínú, nítorí àwọn tó ń dá irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kì í padà wá wo ohun tó bàjẹ́.

Ikán kọ́ ló ń dà yín láàmú. Ikán tí gbogbo wa mọ̀ máa ń fi erùpẹ̀ mọ ọ̀nà láti ilẹ̀ wá ni. Ìyẹ̀ tó kúnná bí ẹlùbọ́ tí a jọ̀, tó ń dà láti inú ihò róbótó tí kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ, iṣẹ́ kòkòrò ajẹgi ni. Àwọn tó mọ ìyẹ̀ ìrosùn tí babaláwo fi ń tẹ Ifá ti mọ irú ìyẹ̀ bẹ́ẹ̀. Abo kòkòrò náà á yé ẹyin sínú ihò tín-ín-rín ara igi tí a kò kùn ní nǹkan kan. Ìdin tó bá ti ibẹ̀ jáde á máa jẹ inú igi náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ó lè ju ọdún kan lọ, kí ó tó di kòkòrò tó ń dáhò jáde. Ihò tí ẹ ń rí yẹn, ojú ọ̀nà àbájáde ni. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà: òróró tí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn sí ara pákó kò lè bá ìdin tó wà ní àárín rẹ̀, pàápàá bí fáńíìṣì àtijọ́ bá ṣì wà lójú pákó náà.

Mo mọ ibi tí ìmọ̀ràn náà ti wá. Àwọn tó ń ri òpó ọgbà mọ́lẹ̀ máa ń fi òróró yìí kun ìsàlẹ̀ rẹ̀, ikán sì lè yẹra fún un fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n òpó ọgbà wà níta, ẹnikẹ́ni kì í sùn tì í. Ìdọ̀tí ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rún irin wà nínú òróró náà, bí ó bá sì ń kan awọ ara lemọ́lemọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara. Ó tún máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹnì kan gbé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ wá bá mi pé kí n sọ ọ́ di férémù fọ́tò, ó sì ti fi òróró kùn ún kí ó tó gbé e wá. Mo fọ̀ ọ́, mo fi sáńpépà ha á, mo kùn ún ní fáńíìṣì. Ní ọjọ́ kọkànlá, mo fi àtàǹpàkò kàn án, ojú ìka mi hàn síbẹ̀ ketekete, kò gbẹ. Kí oṣù náà tó parí, ihò tuntun mẹ́ta ti yọ ní igun rẹ̀, òkìtì ìyẹ̀ kékeré sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ wo igi náà dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ìrókò tàbí ọ̀gànwó, apá funfun tó sún mọ́ èèpo ni wọ́n sábà máa ń jẹ. Ẹ gé e dànù, kí ẹ lo apá tó pọ́n. Arère kò ní irú ìyàtọ̀ tó hàn bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má gbọ́kàn lé e. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lára rẹ̀, ẹ má ha á ní gbígbẹ, nítorí òjé lè wà nínú rẹ̀, eruku rẹ̀ sì léwu fún ọmọdé àti aláboyún.

Ẹsẹ̀ tábìlì lè wọ fìrísà. Ẹ fi ọ̀rá wé e pinpin, kí ó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 ní ìwọ̀n òtútù -18 Celsius, láìsí pé iná lọ. Bí iná àdúgbò yín bá ń ṣẹ́jú, ẹ má dá ara yín lágara. Ẹ má tú ọ̀rá náà títí òtútù á fi lọ tán. Ní ti pákó orí bẹ́ẹ̀dì, ooru ló dára jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti oòrùn àgbàlá. Òfin àgbáyé fún igi tí wọ́n fi ń di ẹrù lọ sókè òkun ní kí ooru àárín igi náà tó ìwọ̀n 56 Celsius fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ pákó. Bí kò bá sí, ẹ ha fáńíìṣì kúrò pátápátá, kí ẹ fi omi borax (ohun funfun tó dà bí iyọ̀ tí a pò mọ́ omi) kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kun ojú, ẹ̀yìn àti etí rẹ̀ ní fáńíìṣì, kí kòkòrò mìíràn má baà rí ibi yé sí.

N kò rí igi náà, nítorí náà n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún agbára rẹ̀. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un: bí ó bá wọlé bíi pé búrẹ́dì ni, ẹ má gbé dígí kọ́ ọ. Bí ó bá le, ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí ìyẹ̀ kankan kò bá dà sórí aṣọ náà, ẹ lè pe káfíńtà kó wá gbé dígí náà sí i.