Ṣé John Hanson ni ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè: Olùkọ́ girama ni mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rí àwòrán adúláwọ̀ kan lórí WhatsApp, wọ́n ní John Hanson ni, pé òun ló jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà ṣáájú George Washington. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n kọ́ wọn?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni. Àìmọye ènìyàn ló ti fi àwòrán yìí ránṣẹ́ sí mi, ó sì ń dùn mí, nítorí ìtàn àwa adúláwọ̀ kò nílò irọ́ kó tó níyì. Òyìnbó tó ní ẹrú ni John Hanson ará Maryland, ó sì kú ní 1783, bẹ́ẹ̀ 1839 ni aráyé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ fọ́tò yíyà. John Hanson mìíràn, sẹ́nétọ̀ ilẹ̀ Làìbéríà, ló wà nínú àwòrán yẹn.

Ọ̀rọ̀ ipò ààrẹ ló gba àlàyé. Nígbà tí ìpínlẹ̀ 13 já ara wọn gbà lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò fẹ́ kí agbára tún wà lọ́wọ́ ẹnì kan mọ́, débi pé Pennsylvania kò ní gómìnà rárá, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 12 ló ń darí rẹ̀, àwọn aṣòfin Virginia sì ń yan gómìnà tiwọn fún ọdún kan péré. Ìbẹ̀rù kan náà ló wà nínú Articles of Confederation, ìwé àdéhùn tó so wọ́n pọ̀ ní oṣù Kẹta 1781. Ìwé náà kò dá ipò olórí ìjọba sílẹ̀. Alága ìjókòó Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ wọ̀nyí, ni ẹni tí wọ́n ń pè ní ààrẹ: ó ń darí ìjíròrò, ó ń fọwọ́ sí lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò láṣẹ lórí ọmọ ogun, kò lè dá òfin padà, kò sì gbọdọ̀ lò ju ọdún kan lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Hanson kọ́ ló tilẹ̀ kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀; Samuel Huntington ló wà lórí àga nígbà tí àdéhùn náà fìdí múlẹ̀, Thomas McKean tẹ̀ lé e, kó tó kan Hanson ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn.

Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ kò lè gba owó-orí, àfi kó bẹ àwọn ìpínlẹ̀. Nígbà tó fẹ́ máa gba owó lórí ọjà òkè òkun láti fi san gbèsè ogun, Rhode Island kọ̀ ní 1782, àbá náà sì forí ṣánpọ́n, nítorí gbogbo ìpínlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà kí àdéhùn tó yí padà. Irú ìnira báyìí ló mú wọn kọ òfin tuntun ní Philadelphia ní 1787, òfin yẹn ló sì dá ipò tí Washington gbà ní 1789 sílẹ̀.

N kò lè gbẹnu sọ fún àwọn tó ń máàkì ìdánwò, ṣùgbọ́n Washington ni kí àwọn ọmọ yín kọ, kí wọ́n sì pa àwòrán yẹn rẹ́ lórí fóònù wọn.