Iná pupa kò ní lé electron jáde, bó ti wù kó mọ́lẹ̀ tó

Àbúrò mi, o béèrè pé bí wọ́n bá tan iná pupa sára síńkì, tí wọ́n sì ń fi kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ṣé electron, èérún tíńtínní tó ń gbé iná mànàmáná, kò ní jáde lára rẹ̀ nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín? Kò ní jáde. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Mo kọ ọ́ sínú WAEC mi pé bí iná bá ṣe mọ́lẹ̀ tó ni electron ṣe ń sáré tó, gbogbo máàkì ìbéèrè yẹn sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ká mi lára débi pé mo pinnu láti fojú ara mi rí i.

Ìkòròdú ni mò ń gbé, nítòsí èbúté. Mo tú òkú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, torí síńkì ni agolo inú rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán, mo wá gbé e lé orí wáyà tó gba ìdérí rọ́bà ìgò kan kọjá. Mo so fọ́ìlì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ìsàlẹ̀ wáyà náà nínú ìgò. Mo fi súẹ́tà onírun nu páìpù oníke léraléra, mo fi kan síńkì, fọ́ìlì méjèèjì sì yà kúrò lára ara wọn, torí electron tó pọ̀ lára wọn ń ti ara wọn. Bí electron bá ń jáde lára síńkì, wọn yóò padà pa pọ̀.

Oṣù kẹfà ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú, nínú òjò. Kí n tó tan iná rárá, fọ́ìlì ti wálẹ̀. Ọ̀rinrin tó ń fẹ́ wá láti ọ̀sà ló ń kó electron lọ. Àfìgbà tí ọyẹ́ dé lóṣù kìíní kí fọ́ìlì tó dúró ní yíyà.

Mo wá gbé gílóòbù 200 wáàtì, tí iná pupa pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, sún mọ́ ọn títí ooru rẹ̀ fi ń jó mi lọ́wọ́. Fọ́ìlì kò mira. Mo yá iná tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ ayédèrú náírà wò, torí ultraviolet ni wọ́n pè é, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, tí agbára rẹ̀ ju ti iná tí à ń rí lọ. Kò mira síbẹ̀. Èyí ló dà mí láàmú jù. Ọjọ́ tí mo ṣírò rẹ̀ ló tó yé mi: ìgbì iná yẹn gùn ní nǹkan bí nanometre 365. Pín 1240, iye tó ń sọ gígùn ìgbì di agbára, sí 365, wàá rí electron-volt 3.4 (electron-volt ni òṣùwọ̀n agbára). Òun ni agbára photon kan, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo. Síńkì ń béèrè nǹkan bíi 4.3 kó tó tú electron kan sílẹ̀. Òun ni work function rẹ̀.

Ẹnì kan tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà ló wá yá mi ní iná tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, nanometre 254, tíí ṣe electron-volt 4.9. Mo tàn án, fọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀! Mo ki gíláàsì wíńdò sáàárín, ó dúró. Mo yọ ọ́, ó tún ń wálẹ̀. Mo gbé iná náà sẹ́yìn, ó rọra ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró.

Wò ó bíi kànga tí omi rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà 43. Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá yí i ká pẹ̀lú okùn ẹsẹ̀ bàtà 34, kò sẹ́ni tí yóò fa omi. Ẹnì kan ṣoṣo tí okùn rẹ̀ jẹ́ 49 yóò fà á, mẹ́fà yóò sì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Gígùn okùn ni frequency, ìyẹn iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan (bí ìgbì bá ṣe kúrú tó ló ṣe ń ga tó); iye èèyàn ni intensity, ìyẹn bí iná ṣe mọ́lẹ̀ tó. Wọn kò lè so okùn pọ̀, torí photon kan ni electron kan ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ mẹ́fà tó ṣẹ́ kù yẹn ni agbára eré electron tó sáré jù. Bó o bá gbé iná sún mọ́ ọn, electron tó ń jáde á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n electron-volt 0.6 ni agbára tó ga jù lára wọn yóò ṣì jẹ́.

Lenard, onímọ̀ físíìsì, ti rí èyí ní Jámánì ní 1902, Einstein sì ṣàlàyé rẹ̀ ní 1905. Millikan, onímọ̀ físíìsì ní Amẹ́ríkà, kò gbà á gbọ́. Ó lo ọdún púpọ̀ lórí rẹ̀, àmọ́ èsì tó tẹ̀ jáde ní 1916 bá ti Einstein mu wẹ́kú.

Ṣọ́ ibì kan nínú ìdánwò: bí wọ́n bá ní intensity kò yí padà, tí frequency lọ sókè, photon á dín kù, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti gba agbára púpọ̀ sí i.

Bó o bá fẹ́ dán an wò, má tan iná píọ̀ wọ́tà láìbo ojú àti ara rẹ. Mo wò ó ní tààràtà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àfi bíi pé wọ́n da yanrìn sí mi lójú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò sì lè lajú dáadáa fún ọjọ́ méjì.